Ìròyìn ẹni tó gbẹ̀mí ara rẹ̀ àti àríyànjiyàn lórí ríran aláìsàn lọ́wọ́ láti kú: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìròyìn ẹni tó gbẹ̀mí ara rẹ̀ kò dà bí ìròyìn ọkọ̀ tó dojú dé tàbí ilé tó jó. Ẹni tó ń kà á lè jẹ́ ẹni tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti ń wá sọ́kàn rẹ̀ láti àárọ̀, olóòtú ò sì ní mọ̀ láé. Nígbà tí àwọn ilé aṣòfin kárí ayé sì tún ń jiyàn lórí bóyá kí òfin gba dókítà láyè láti ran aláìsàn tí kò ní yè lọ́wọ́ láti kú, ọ̀rọ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ara wọn nínú ìwé ìròyìn, pàápàá ìwé ìròyìn àdúgbò. Lójú tèmi, kò yẹ kí wọ́n pà á pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú àwọn ìdáhùn yìí.

Èrò ikú ń wá sí èmi náà lọ́kàn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ ná. Ẹ wá ẹnì kan lónìí, kó má di ọ̀la, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún un láìfi bò: "Èrò àtipa ara mi ń wá sí mi lọ́kàn." Ẹ ní kó jókòó tì yín. Bó bá ti sún mọ́ gan-an, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì tí wọ́n ń lò lórílẹ̀-èdè yín, tàbí kí ẹnì kan sìn yín lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù lọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, findahelpline.com kó nọ́ńbà àwọn tó ń gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀ jọ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ìrora tó ń sọ fún èèyàn pé kò sí ọ̀nà mọ́ máa ń ga, ó sì máa ń rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti dé bèbè yẹn rí ló wà láàyè títí dòní.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìròyìn lè mú kí ẹlòmíì náà ṣe é, àbí àsọdùn ni?

Kì í ṣe àsọdùn. Ní ọdún 1974, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, David Phillips, fi hàn pé iye àwọn tó ń gbẹ̀mí ara wọn máa ń ròkè lẹ́yìn tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá gba ojú ìwé àkọ́kọ́. Àtìgbà náà ni ìwádìí ti ń gun orí ìwádìí. Lẹ́yìn ikú òṣèré Robin Williams ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, àwọn olùṣèwádìí ka irú ikú bẹ́ẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà títí dé ìparí ọdún yẹn. Ó fi bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tí wọ́n ń retí lọ, ìyẹn ẹ̀mí tó lé ní 1,800. Ní 2020, àwọn kan kó ọ̀pọ̀ irú ìwádìí yìí jọ, wọ́n sì rí i pé tí ìròyìn bá gbé irú ikú gbajúmọ̀ kan kiri, iye náà máa ń fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láàárín oṣù kan sí méjì. Níbi tí ìròyìn bá ti sọ ọ̀nà tí olóògbé gbà, ikú nípasẹ̀ ọ̀nà yẹn gan-an máa ń fi ìdá 30 lé sí i.

Ìdá 30 yẹn ló yẹ kí gbogbo olóòtú há sórí. Nítorí kí ni? Nítorí gbólóhùn kan péré ni, èyí tí wọn ì bá yọ kúrò, tí ìròyìn náà ì bá sì pé síbẹ̀.

Ìròyìn tó dára náà lágbára tirẹ̀. Ní ìlú Vienna lórílẹ̀-èdè Austria, láàárín àwọn ọdún 1980, ikú bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i ní àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn sì ń fi àwòrán àti àkọlé ńlá gbé e jáde. Ní àárín ọdún 1987, àwọn onímọ̀ gbé ìlànà ka iwájú àwọn oníròyìn, àwọn yẹn sì gbọ́. Kí ọdún náà tó parí, iye náà ti fi ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀ sí ti oṣù mẹ́fà tó ṣáájú. Ní 1994 pẹ̀lú, nígbà tí olórin Kurt Cobain kú ní Seattle, ìròyìn ibẹ̀ fi ìṣọ́ra sọ ọ́, wọ́n ń tẹnu mọ́ ibi tí èèyàn ti lè rí ìrànlọ́wọ́. Ìpè sí ibùdó ìrànlọ́wọ́ pọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n iye tó ń kú ò ròkè bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù. Ní Austria bákan náà, ìwádìí kan tó jáde ní 2010 rí i pé ìròyìn nípa ẹni tí èrò yìí wá sọ́kàn rẹ̀, tó sì rí ọ̀nà mìíràn gbà, máa ń bá ìdínkù rìn.

Ṣé kò wá ní sàn kí ìròyìn dákẹ́ pátápátá?

Rárá o. Ẹnu ò ṣeé dí. Bí ìwé ìròyìn bá dákẹ́, àhesọ á gba ojú ọ̀nà, àhesọ kì í sì í ní olóòtú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 727,000 èèyàn ló kú lọ́nà yìí ní ọdún 2021, ó sì wà ní ipò kẹta nínú ohun tó ń pa àwọn ọ̀dọ́ láti ọmọ ọdún 15 sí 29. Bí ìròyìn bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́, ta ni yóò bi ìjọba léèrè ibi tí dókítà ọkàn wà?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ikú bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ ìròyìn. Ìyá tó kú sínú ilé rẹ̀, tí kò di ipò kankan mú, tí ikú rẹ̀ kò sì kan ará ìlú, ẹbí rẹ̀ ló ni ọ̀fọ̀ náà.

Kí ló mú kí ti ìwé ìròyìn àdúgbò yàtọ̀?

Ìsúnmọ́ ni. Nígbà tí ìwé ìròyìn ńlá bá kọ "ọkùnrin ẹni ọdún 40 kan", ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ni lójú ọ̀pọ̀ òǹkàwé. Nígbà tí ti àdúgbò bá kọ ọ́, tó fi orúkọ òpópónà àti iṣẹ́ tó ń ṣe kún un, àwọn ọmọ kíláàsì ọmọ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ta nǹkan fún un ti mọ̀ ọ́n, ẹni tó jọ wà nínú gbèsè kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ẹni ìkẹyìn yìí ni mo máa ń rò jù. Ohun tó ń kà kì í ṣe ìròyìn àlejò mọ́. Ó ń wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tó ṣẹlẹ̀ sí náà tún wà níbẹ̀. Bí afárá tàbí ilé gíga kan bá ti gba orúkọ nínú ìròyìn, tí wọ́n ń dá a pè ṣáá, ó lè di ibi tí àwọn míì ń wá. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ fún àwọn oníròyìn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2000 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2023, sọ ọ́ ní tààrà: ẹ má sọ ọ̀nà, ẹ má júwe ibẹ̀, ẹ má fi sí ibi tó hàn jù, ẹ má sì máa tún un gbé jáde lemọ́lemọ́. Olóòtú àdúgbò ló máa ń nira fún jù láti pa ìyẹn mọ́, nítorí gbogbo ìlú ti mọ ibẹ̀, ó sì ń rò ó pé kí lòun tún ń fi pamọ́. Ìdáhùn mi ni pé ohun tí ìlú mọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ìwé ìròyìn tẹ̀ síta. Ohun tí wọ́n tẹ̀ síta kì í ṣá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tó wà ní ọdún mẹ́ta lónìí lè wá a rí tó bá pé mẹ́tàdínlógún.

Irú àkọlé wo ló burú, irú wo ló dára?

Ẹ wo àkọlé yìí tí mo fọwọ́ ara mi kọ: "Wọ́n lé olùkọ́ níbi iṣẹ́, ló bá gbẹ̀mí ara rẹ̀." Kò sọ ọ̀nà, kò sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ó sì lè jẹ́ òtítọ́ pé wọ́n lé e. Síbẹ̀ ó burú. "Ló bá" yẹn ti so ohun méjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ló bí èkejì, bí ẹni pé ohun tí èèyàn ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá lé e níbi iṣẹ́. Gbogbo ẹni tí wọ́n lé lọ́sẹ̀ yẹn ló máa kà á. Ìdí kan ṣoṣo kì í sábà wà nídìí irú ikú yìí. Ìsoríkọ́, àìsàn tó pẹ́, ọtí, àdánù, ìdánìkanwà, ìdààmú owó, wọ́n máa ń dì mọ́ra wọn ni, akọ̀ròyìn tó ní ọjọ́ kan láti kọ ìròyìn ò sì lè tú wọn.

Èyí ni mo fi rọ́pò rẹ̀: "Akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹlẹgbẹ́ ń ṣọ̀fọ̀ olùkọ́ ìṣirò tó kú lójijì." Nínú ìròyìn gan-an, a lè sọ pé ọlọ́pàá ò fura sí ẹnikẹ́ni, ká sọ irú ìgbé ayé tó gbé, ká sì fi nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ sí i. Sókè ni kí nọ́ńbà yẹn wà, níbi tí ẹni tó ń fi ojú sáré kà á ti máa rí i, kì í ṣe lẹ́yìn ìpolówó ọjà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà: kí wọ́n yé sọ pé ẹnì kan "ṣàṣeyọrí" nínú ẹ̀, tàbí pé ó "kùnà". Ẹni tó yè é ò kùnà.

Ó fi lẹ́tà sílẹ̀. Ṣé wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ jáde?

Rárá. Kì í ṣe ìlà kan nínú ẹ̀.

Ṣé ó tọ́ kí akọ̀ròyìn lọ kanlẹ̀kùn ẹbí òkú?

Ó lè lọ lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, kó kí wọn kú ọ̀fọ̀, kó sọ ẹni tóun jẹ́, kó sì padà tí wọ́n bá ní kó padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé àwọn tí irú ikú yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe náà wà nínú ewu, pé èrò kan náà lè máa wá sí wọn lọ́kàn láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Ohun tí ìyá bá sọ nínú ẹkún lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó yẹ kí akọ̀ròyìn pè é padà kó tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹbí kan á fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n á fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọmọ wọn mọ orin kọ, pé ó máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló yẹ kó kún ìròyìn náà.

Akọ̀ròyìn fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n á rán an lọ síbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á rán an lọ síbi eré bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án. Ó yẹ kí olóòtú jókòó tì í kó tó lọ sílé lálẹ́.

Ǹjẹ́ òfin wà lórí èyí?

Ní àwọn ibì kan. Ní New Zealand, òfin tó wà fún àwọn adájọ́ tó ń wádìí ikú, tí wọ́n ṣe ní 2006, kò gba ìwé ìròyìn láyè láti sọ ọ̀nà tí irú olóògbé bẹ́ẹ̀ gbà láìgba àṣẹ. Kí ìwádìí tó parí, ohun tí wọ́n lè sọ kò ju pé wọ́n fura pé ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà àwọn olóòtú tí àjọ IPSO ń bójú tó ló ní kí wọ́n yàgò fún kúlẹ̀kúlẹ̀ tó pọ̀ jù nípa ọ̀nà náà, kí ẹlòmíì má bàa fara wé e. Níbi tó pọ̀, ẹ̀rí ọkàn olóòtú nìkan ló kù.

Ohun mìíràn tún wà tó ń ba ìròyìn náà jẹ́ láti ìpìlẹ̀: àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣì ka ẹni tó gbìyànjú àtipa ara rẹ̀ sí ọ̀daràn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa irú òfin bẹ́ẹ̀ rẹ́ ní 1961, Pakistan ní 2022, Gánà àti Malaysia ní 2023. Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti gúúsù Nàìjíríà ṣì ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún un. Níbi tí irú òfin yẹn bá wà, àgọ́ ọlọ́pàá ni akọ̀ròyìn ti máa ń gbọ́ ọ, bí ìròyìn olè ló sì máa ń kọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ àti gbogbo ohun tí ọlọ́pàá rí.

Kí gan-an ni ríran aláìsàn lọ́wọ́ láti kú?

Ọ̀nà méjì ló wà. Nínú èkíní, dókítà á kọ oògùn fún aláìsàn tó bẹ̀bẹ̀ fún un, aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò lò ó. Nínú èkejì, dókítà ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ fòpin sí ẹ̀mí aláìsàn náà, nítorí aláìsàn bẹ̀ ẹ́. Òfin ibì kan lè gba ọ̀kan kó má gba èkejì. Kíkọ ìtọ́jú sílẹ̀, kí aláìsàn ní òun ò fẹ́ ẹ̀rọ mọ́, kò sí nínú méjèèjì. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyẹn níbi tó pọ̀. Bí ọkọ bá sì pa aya rẹ̀ tó ń ṣàìsàn "nítorí àánú", ìyẹn náà ò sí níbẹ̀, bó ti wù kí àkọlé pè é.

Níbo ni òfin ti gbà á?

Switzerland ló ti pẹ́ jù: òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1942 ń fìyà jẹ ẹni tó bá ti ìmọtara-ẹni-nìkan ran ẹlòmíì lọ́wọ́ láti kú, àlàfo tó fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́. Ní Oregon, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ará ìlú dìbò fún un ní 1994, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997: aláìsàn gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, dókítà méjì sì gbọ́dọ̀ gbà pé kò ní lò ju oṣù mẹ́fà lọ láyé. Netherlands àti Belgium gbà á ní 2002, wọ́n ò sì fi dandan lé e pé kí ikú ti sún mọ́lé. Kánádà bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ní New Zealand, ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó dìbò ní 2020 fọwọ́ sí i. Colombia, Spain, Austria àti gbogbo ìpínlẹ̀ Australia náà ní tiwọn.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé aṣòfin kékeré fi ìbò 314 sí 291 gba àbá náà wọlé ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka àkọlé ọjọ́ náà, wọ́n sì rò pé ó ti di òfin. Kò tíì dà á lọ́jọ́ náà, torí ilé aṣòfin àgbà ṣì ní láti gbé e yẹ̀ wò.

Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni pẹ̀lú pípa ara ẹni?

Èyí ni wọ́n ń bi mí jù, inú rẹ̀ sì ni ìjà wà. Òfin Oregon sọ ọ́ kedere pé ohun tí aláìsàn bá ṣe lábẹ́ òfin náà kì í ṣe pípa ara ẹni. Àwọn tó lòdì sí i ní fífi ọ̀rọ̀ dídùn bo nǹkan ni. Àjọ àwọn dókítà lágbàáyé, World Medical Association, ṣì lòdì sí méjèèjì, kí dókítà ṣe é àti kó ranni lọ́wọ́ ṣe é. Akọ̀ròyìn ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ tó yàn dá ẹjọ́ náà fún òǹkàwé. Ohun tó lè ṣe ni kó júwe rẹ̀: ta ni aláìsàn, kí ni dókítà ṣe, kí ni òfin sọ.

Ṣùgbọ́n níbi tí mo dúró sí ni pé ẹni ọdún 22 tí ìsoríkọ́ dé bá, tó rò pé òun ti di ẹrù sí gbogbo ayé lọ́rùn, kò sí ní ipò kan náà pẹ̀lú aláìsàn jẹjẹrẹ tí ikú rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni àkọ́kọ́ lè yè, kó sì dúpẹ́ pé òun yè. Bí ìròyìn bá lo èdè kan náà fún méjèèjì, tó ń pe méjèèjì ní "yíyàn" tàbí "ìsinmi", ẹni ọdún 22 yẹn ló máa gbọ́ ọ lódì. Kódà ní Kánádà, níbi tí òfin ti gbòòrò, wọ́n ti sún gbígba àwọn tó jẹ́ pé àrùn ọpọlọ nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu síwájú lọ sí oṣù Kẹta ọdún 2027.

Kí lẹ ní lọ́kàn nígbà tẹ́ ẹ sọ pé kò yẹ kí wọ́n pa méjèèjì pọ̀?

Ká ní wọ́n bá bàbá arúgbó kan lókùú nínú ilé rẹ̀. Aya rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì máa ń sọ pé òun ò fẹ́ lọ sí ilé àwọn arúgbó. Ìwé ìròyìn àdúgbò gbé e jáde. Lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan tó ń jà fún òfin ní bó bá jẹ́ pé òfin wà ni, bàbá ì bá kú ní ìrọ̀rùn. Ẹlòmíì tó lòdì sí i ní ẹ ò rí i, ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fẹ́ sọ di ohun tó dára nìyí. Àwọn méjèèjì ń fi òkú tí kò lè fèsì ṣe ẹ̀rí. Kò sí èyí tó béèrè bóyá dókítà ti wo ìsoríkọ́ bàbá yìí rí, ta ló ń bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìsìnkú aya rẹ̀, bóyá ìrora orúnkún yẹn gba oògùn tó tó. Lábẹ́ òfin bíi ti Oregon, wọn ò tilẹ̀ ní gbà á. Kò ní àìsàn tó máa pa á láàárín oṣù mẹ́fà.

Ìbéèrè wọ̀nyẹn ni iṣẹ́ akọ̀ròyìn àdúgbò. Òun ló sún mọ́ ibẹ̀, òun ló lè lọ béèrè iye nọ́ọ̀sì tó ń lọ wo àwọn arúgbó nílé.

Àṣìṣe wo ló wọ́pọ̀ jù nínú ìròyìn àríyànjiyàn yìí?

Pé ìrora nìkan ló ń lé èèyàn débẹ̀. Ìròyìn ọdọọdún láti Oregon ti ń sọ ọ́ fún ọdún pípẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ń mẹ́nu bà ni pé agbára wọn lórí ara wọn ń lọ, pé wọn ò lè ṣe ohun tó ń mú ayé dùn mọ́ wọn mọ́, pé iyì wọn ń dín kù. Ìrora wà níbẹ̀, ó wà lẹ́yìn wọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta tí wọ́n kọ oògùn náà fún ni kò sì lò ó.

Èkejì ni pé wọ́n máa ń gbàgbé ìtọ́jú ìtura, ìtọ́jú tó ń bá ìrora àti ẹ̀rù jà lára ẹni tí àìsàn rẹ̀ ò ní lọ. Cicely Saunders dá ilé irú ìtọ́jú yìí sílẹ̀ ní London ní 1967, tọdún-tọdún sì ni ọ̀nà rẹ̀ ń dára sí i. Síbẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún tó nílò rẹ̀ lágbàáyé, nǹkan bí 14 péré ló ń rí i gbà. Ìròyìn tó bá sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ láti kú tí kò bi àwọn aṣòfin léèrè nípa 86 tó kù kò tíì parí.

Ẹ sì jẹ́ kí àwọn aláàbọ̀ ara sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé kí wọ́n má bàa máa wò wọ́n bí ẹni tí ikú sàn fún, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, ẹ fara mọ́ ọn?

Mi ò lè sọ fún ẹni tó ń jẹ̀rora ìkẹyìn pé kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìjọba tí kò tíì fi ìtọ́jú ìtura dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kò ní ẹnu láti fi ikú lọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni mo wà.

Ìròyìn burúkú ti jáde níbi tí mò ń gbé. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ má pín in, kódà láti fi bú u. Ẹ kọ̀wé sí olóòtú lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ dárúkọ gbólóhùn tó ń dùn yín, ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́: kí wọ́n yọ ọ̀nà náà, kí wọ́n yí àkọlé padà, kí wọ́n fi nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ sókè. Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti tún ṣe, ọ̀pọ̀ olóòtú á sì ṣe é tí ẹnì kan bá fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́ fún wọn. Bí wọ́n bá kọ̀, tí àjọ tó ń bójú tó ìwé ìròyìn bá wà lórílẹ̀-èdè yín, ẹ gbé ẹjọ́ náà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ojú ìwé náà bó ṣe wà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá sì jẹ́ ẹbí òkú ni yín, kò pọn dandan kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́. Ẹ ní kí ọ̀rẹ́ kan bá yín kọ ọ́.